Ọdún tí Omi àti Ààwẹ̀ Pàdé

Bàsíà tánganran ni mò ń tà nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ ọ̀nà ilé ìkàwé. Kì í ṣe ìwé ló gbé mi débẹ̀. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ìwé níbẹ̀ ló wá sí ìsọ̀ mi nínú òjò oṣù keje, ó ní kí n ta bàsíà ńlá mẹ́rin fún òun. Bathurst ni wọ́n ṣì ń pe Banjul nígbà náà. Mo bi í bóyá ìyàwó rẹ̀ fẹ́ ṣe ìnáwó. Ó ní rárá, òrùlé ló ń jò sórí ìwé. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọwọ́ rẹ̀ kò gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ni mo bá bá a ru méjì dé ẹnu ọ̀nà, bí mo ṣe fojú kan ibẹ̀ nìyẹn: ìwé láti ilẹ̀ dé òkè, wọ́n tò wọ́n bí èmi náà ṣe ń to abọ́ mi, ńlá sísàlẹ̀, kékeré sókè, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń ná nǹkan kan.

Ó ti ṣe tísà rí, nítorí náà Tísà ni mò ń pè é. Òun náà ń pè mí ní Màmá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí mo bá fi púpọ̀ jù ú lọ, kò ní ju ọdún méjì lọ. Onígbàgbọ́ ni, ọmọ Aku ti ìlú náà gan-an, ìran àwọn Yorùbá tó gba Freetown débẹ̀. Èdè wọn ni a fi ń sọ̀rọ̀, èmi a máa ki Yorùbá àti Pijin bọ̀ ọ́, òun a sì máa gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Half Die ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, létí odò, nínú yàrá méjì tí a gbà lọ́wọ́ ìyá àgbà kan. Ọmọ Aku ni Ìyá Onílé yìí náà, ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ni, àwọn bàbá ńlá rẹ̀ ló wá láti Freetown. Yorùbá tó kù lẹ́nu rẹ̀ kò ju ìkíni, orúkọ oúnjẹ àti orúkọ àwẹ̀jẹ-wẹ̀mu lọ. Ìsọmọlórúkọ tí àwa ń ṣe lọ́jọ́ kẹjọ, kọ́mọjáde ni àwọn ń pè é, wọ́n á sì din àkàrà fún gbogbo àdúgbò. "Ìyàwó" ló máa ń pè mí láti ọjọ́ tí a ti kó dé, títí irun mi fi ń funfun.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, a ṣẹ̀ṣẹ̀ túnu ni. Àwọn ọmọ Ìyá Onílé parapọ̀ pé kí ó lọ sí Mẹ́kà. Alájì kan ló ń kó ìwé àwọn tó fẹ́ lọ jọ. Ó wá lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tẹ́ fọ́ọ̀mù sórí itan, ó ń kọ ọ́ bí ẹni tó ń sáré. Orúkọ, ó kọ ọ́. Orúkọ bàbá, ó kọ ọ́.

"Ìyá, ọdún wo ni wọ́n bí yín?"

"Ọdún omi."

"Omi wo?"

"Omi tó wọ ilé yìí. Inú ààwẹ̀ ni."

Alájì wo ojú mi, èmi náà wo tirẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká fi ọdún kan síbẹ̀. Ẹ ó ti tó ọgọ́ta, ó lé díẹ̀."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ojú yín ni mo wò."

"Ojú tèmi ò mọ ìṣirò. Kí ni wọ́n kọ síbi tí o ní kí n tẹ àtàǹpàkò sí yìí?"

Alájì ní wọ́n kọ ọ́ pé kí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ búra pé òótọ́ ni gbogbo ohun tó wà lókè. Ìyá Onílé ti na ìka síwájú tẹ́lẹ̀. Ó fà á padà, ó fi bọ abẹ́ ìborùn rẹ̀.

"Kí n búra irọ́, kí n wá wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sílé Ọlọ́run?"

"Ìyá, gbogbo ayé ló ń ṣe é. Irọ́ kékeré ni."

"Ìwọ Alájì, ẹ̀ẹ̀mẹta lo ti lọ. Ọdún wo ni wọ́n bí ìwọ?"

Alájì yẹ pẹ́ẹ̀nì ọwọ́ rẹ̀ wò bí ẹni pé yíǹkì ti tán nínú rẹ̀. Nígbà tó dìde, ó sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù tí wọ́n á fi gba ìwé. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó di àmọ́dún.

Àmọ́dún gan-an ló kó mi lọ́kàn sókè. Mo mọ orúnkún Ìyá Onílé. Èmi ni mò ń pọnmi fún un. Láti ìgbà òjò tó kọjá ni kì í ti í lè dìde lórí ẹní láìdi ọwọ́ mi mú, tó bá sì kírun tán, á jókòó pẹ́ kí ara rẹ̀ tó balẹ̀. Bí kò bá lọ lọ́dún náà, kò ní lọ mọ́, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, kò ní fi ìka tẹ irọ́.

Kí n má purọ́ fún yín, inú bí mi sí i. Lójú tèmi, agídí ni. Èmi náà kò mọ ọdún tí wọ́n bí mi, wọ́n kàn ṣírò nǹkan kan fún mi kí n lè rí ìwé ìrìnnà wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Gambia, n kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jókòó tí a ń ṣa ìrẹsì lọ́jọ́ kejì, mo ní kí ó sọ gbogbo ohun tí ìyá rẹ̀ sọ fún un nípa ìbí rẹ̀, kí ó má yọ nǹkan kan kúrò.

Ó ní omi kún títí tí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n àwọn apẹja fi ń rìn ní òpópónà Half Die. Orí tábìlì ni ìyá òun dùbúlẹ̀ sí títí ọjọ́ mẹ́jọ fi pé. Lọ́jọ́ kẹjọ, kò sí ilẹ̀ tí wọ́n lè gbé ọmọ jáde sí, wọ́n bá gbé òun sínú ọkọ̀ náà, wọ́n wà á yí ilé ká, Àlùfáà dúró nínú omi tó mu ún dé ìbàdí, ó pe orúkọ sí òun létí. Wọ́n ti din àkàrà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ààwẹ̀ wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn.

"Gbogbo wọn dúró tì í, wọ́n ń wò ó. Ìyá mi nìkan ló jẹ ẹ́ ní gbígbóná, nítorí abiyamọ kì í gbààwẹ̀. Ó ní òun ò jẹ àkàrà tó dùn bẹ́ẹ̀ rí láyé òun."

Mo rò ó. Omi ńlá, ààwẹ̀. Mo rántí ilé tí mo ru bàsíà lọ.

Tísà gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó rẹ́rìn-ín. "Omi wọ Half Die? Màmá, ẹ dà bí ẹni tó ń béèrè ọdún tí adìyẹ yé ẹyin."

"Èyí tí ọkọ̀ ojú omi ń rìn láàárín àdúgbò ni mò ń wí. Inú oṣù ààwẹ̀ ló bọ́ sí."

"Oṣù wo nìyẹn?"

Mo ní, "Oṣù kẹwàá." Ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbààwẹ̀ tán nìyẹn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló sì bọ́ sínú oṣù kẹwàá. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mo ṣe dáhùn gẹ́lẹ́ nìyẹn, bí ẹni tí wọ́n bi ní iye owó abọ́ kan.

Ó ní kò sí ìwé kan tí ẹnikẹ́ni kọ nípa omi Half Die. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ni ìjọba òyìnbó ń kọ ìròyìn ìlú náà ránṣẹ́ sí ọ̀gá wọn: ọkọ̀ tó gúnlẹ̀, àìsàn tó jà, òjò tó rọ̀. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ mọ ọ̀rọ̀ kan, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè pé ta ni iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní.

Àwọn ìwé ìròyìn náà wà lórí pẹpẹ kan níbi tí wọn kì í ti í yá ènìyàn ní ìwé lọ sílé. Ibẹ̀ lèèyàn á jókòó sí kà á. Mo fọ ọwọ́, mo jókòó. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà nílé ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà kí wọ́n tó ní kí n lọ máa tọ́jú àbúrò mi, òyìnbó tí mo sì mọ̀ kò kún àmù. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní, Tísà ní rárá.

"Màmá, tí oníbàárà bá fẹ́ ìdérí, ṣé gbogbo ìsọ̀ lẹ ó tú?"

"Ibi tí ìdérí wà ni màá na ọwọ́ sí."

"Ó dáa. Ẹ ṣí ẹ̀yìn ìwé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ojú ewé tí nǹkan kọ̀ọ̀kan wà."

Ó fi bí òyìnbó ṣe ń kọ òjò hàn mí, mo há a sórí. Níbi tí òjò wà, iye ni wọ́n tò sílẹ̀, oṣù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, iye òjò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Iye kì í sì dẹ́rù bà mí, ọjà ni mo ti ń jẹun. Láràárọ̀, kí ọjà tó kún, mo máa ń fi ìsọ̀ mi lé obìnrin tó ń ta òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́wọ́, màá lọ ṣí ìwé kan tàbí méjì, màá wá oṣù kẹwàá, bí iye rẹ̀ bá ga, màá pe Tísà kí ó wá ka ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ikán ti jẹ nínú wọn. Òmíràn, òrùlé tó ń jò ti lẹ ojú ewé rẹ̀ pọ̀, a fi ọ̀bẹ tí kò mú ya á díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ọjà ti ń pè mí ní Tísà Obìnrin. Ọ̀kan ní, "Ìwé lo ń kà, àbí ọkọ lo rí níbẹ̀?" Mo ní ọkọ tó wà nílé kò tíì tán.

Lọ́jọ́ kan, mo rí oṣù kẹwàá kan tí iye òjò rẹ̀ ga gan-an. Tísà kà á: òjò pẹ́ kó tó dá lọ́dún náà, omi sì bo ìsàlẹ̀ ìlú. Ó da ọ̀rọ̀ náà kọ sórí ìwé funfun, mo gbà á, mo sáré lọ sílé, mo gbàgbé bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà ilé ìkàwé.

Àkọ́bí Ìyá Onílé wà nílé lọ́jọ́ náà, New Town ló ń gbé, ó wá kí ìyá rẹ̀. Mo ṣírò ọdún náà lójú wọn. Mo ní, "Ìyá, ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta ni yín."

Àkọ́bí ní, "Èmi ńkọ́? Ìwé ìbí tèmi ní mo ti di mẹ́tàlélógójì."

Ìyá Onílé fi ọwọ́ lé àyà. "Mo gbìyànjú o! Ọmọ ọdún méjì ni mí tí mo fi bí ọ, mo sì fún ọ lọ́mú."

Ẹ̀rín gbọn gbogbo ilé. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ méje ló kù, ọ̀sẹ̀ méjì mi ti wọlẹ̀, Ìyá Onílé náà sì nu ojú rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rín tán, ó ní, "Ìyàwó, o ṣeun. Bí kò bá sí, kò sí." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti ń palẹ̀ ọkàn rẹ̀ mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mò ń fọ bàsíà lẹ́yìn ilé. Ojú ọ̀run mọ́ kedere, eruku ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Mò ń rò ó bí ààwẹ̀ tó kọjá ṣe gbóná, tí òùngbẹ gbẹ wá lọ́fun, tí kò sí ìkùukùu kan tí ó ṣíji bò wá. Ni mo bá rántí ààwẹ̀ mìíràn, nílé, nígbà ogun àgbáyé kejì, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ. Òjò kò dá lóṣù náà. A kì í rí oòrùn. Àwọn ọkùnrin máa ń jiyàn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bóyá oòrùn ti wọ̀ àbí kò tíì wọ̀, àwa obìnrin á dúró ti oúnjẹ, ebi á máa pa wá.

Mo ju kànrìnkàn sílẹ̀. Òṣùpá kì í dúró de òjò. Lọ́dọọdún ni ààwẹ̀ ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá tètè dé ju ti èṣí lọ. Ọmọ tí kò tíì gba ààwẹ̀ ẹyọ kan pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀ nílé Mùsùlùmí. Èmi tí mo ti ń gbà á láti kékeré ni mo so ó mọ́ oṣù kẹwàá bí ẹni so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, tí ewúrẹ́ sì ti rìn lọ tipẹ́. Ilé ìkàwé ló ṣe mí bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ohun tí mo mọ̀ nílé kò wúlò níbẹ̀.

Mo lọ bá Àlùfáà mọ́sálásí àdúgbò wa. Mo bi í: bí ààwẹ̀ bá kúrò láàárín òjò, ọdún mélòó ló máa lò kí ó tó padà síbẹ̀? Ó ní ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Mo padà sílé, mo bi Ìyá Onílé pé nígbà ogun, tí ààwẹ̀ wà láàárín òjò, ṣé ó ti dàgbà?

"Dàgbà kẹ̀? Mo ti bí mẹ́ta, oyún ìkẹrin wà nínú mi."

Kò lè jẹ́ ìgbà ogun ni wọ́n bí i. Ìyípo kan ṣáájú rẹ̀ ni, ọdún méjìlélọ́gbọ̀n tàbí mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn ogun. Bó bá ṣe méjì ni, á ti lé ní àádọ́rùn-ún, ẹni àádọ́rùn-ún kò sì lè máa bá àkọ́bí rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Tísà ń lẹ ẹ̀yìn ìwé kan nígbà tí mo dé. Mo ṣàlàyé fún un. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi pé oṣù náà ń rìn?"

"Kí ló dé tí ìwọ ò bi mí?"

Ó gun àkàbà, ó sọ ìwé mẹ́rin kalẹ̀, ọdún mẹ́rin tí ààwẹ̀ lè bọ́ sí ìgbà tí òjò máa ń le jù. Mo ṣí àkọ́kọ́. Òjò bí a ti mọ̀ ọ́n. Ìkejì náà bẹ́ẹ̀. Nínú ìkẹta, iye oṣù kẹjọ ga ju gbogbo èyí tí mo ti rí nínú ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Mo yí ìwé náà sí Tísà. Ó kà á jẹ́ẹ́, ó tún un kà fún mi: òjò rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ láìdá, Half Die wà lábẹ́ omi, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni wọ́n fi ń kó àwọn ènìyàn jáde.

Mo ti dìde. Ó ní, "Ẹ jókòó. Bàtà yín ti ọjọ́sí ṣì wà lọ́wọ́ mi. A ò tíì ka ìkẹrin."

A kà á. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó ní síbẹ̀, ìwé kan ṣoṣo kò tó, ó yẹ kí a ní ẹlẹ́rìí kejì. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwa Mùsùlùmí náà ṣe fẹ́ràn kí ẹni méjì jẹ́rìí pé àwọn rí òṣùpá. Ó lọ sí pẹpẹ mìíràn, ó gbé ìwé tí ìjọba ń kéde ọ̀rọ̀ sí wá, ti ọdún kan náà, ó sì wá ọjọ́ tí wọ́n fún àwọn akọ̀wé tó jẹ́ Mùsùlùmí ní ìsinmi ọdún ìtúnu. Oṣù kẹsàn-án ni. Ààwẹ̀ ọdún náà ti wọlé nínú oṣù kẹjọ, inú oṣù tí omi kún gan-an.

Tísà da ọ̀rọ̀ ìwé méjèèjì kọ, ó kọ orúkọ ìwé àti ojú ewé sísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá jiyàn lè wá wò ó. Lọ́tẹ̀ yìí, mo wọ bàtà mi méjèèjì.

Mo tú u sí Aku fún Ìyá Onílé lórí ẹní rẹ̀. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà.

"Ṣé wọ́n kọ ọ́ pé wọ́n bí ọmọ?"

"Rárá, Ìyá."

"Wọn ò sọ̀rọ̀ àkàrà?"

"Wọn ò sọ ọ́."

"Òyìnbó tó kọ ọ́ ò jìnnà sílé wa tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ì bá ti gbọ́ òórùn rẹ̀." Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè kà á, ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ìyá mi kò purọ́ fún mi." Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé ìyẹn pẹ̀lú ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ọjọ́ pípẹ́ wá, bóyá ìtàn lásán ni wọ́n fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Alájì dé lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kí wọ́n dẹ́kun ìwé gbígbà. Mo sọ ọdún náà fún un. Ó ṣírò rẹ̀ lórí ìka, ojú rẹ̀ tàn.

"Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta! Ìyá, ṣé mo wí? Mo ní ọgọ́ta lé díẹ̀. Ẹ wo gbogbo wàhálà tí ẹ kó bá ìyàwó yín!"

"O wí," ni Ìyá Onílé dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n o ò mọ̀."

Ó yọ ọwọ́ lábẹ́ ìborùn, ó ní kí n bá òun di apá mú, ó sì tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ìwé náà, ó tẹ̀ ẹ́ pẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí Alájì fi ní ó tó, Ìyá, ó ti hàn.